Ẹlẹ́rìí Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́wàá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì

Mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yìí, nítorí ohun tí mi ò bá kọ sílẹ̀ lásìkò yìí, wọ́n á ní mi ò rí i.

Àwọn akàn dé lónìí. Èmi fúnra mi ni mo lọ kó wọn nísàlẹ̀ ibi tí omi ilé-iṣẹ́ bátìrì ti ń ṣàn wọnú odò. Mo tún lọ kó àwọn mìíràn lódò òkè, níbi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, kí n lè fi wọ́n wéra. Ìgbìmọ̀ Omi fẹ́ ká sọ fún àwọn, kí oṣù Kẹta tó parí, bóyá kí àwọn ará etí odò ṣì máa pọn omi yẹn kí wọ́n sì máa pa ẹran inú ẹ̀ jẹ, àbí kí àwọn ti ibẹ̀ pa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn ará etí odò. Iṣẹ́ yìí kọjá iṣẹ́ oṣù lójú mi.

Wọ́n ti wọn omi odò náà títí ó fi sú wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ bù ú ló máa ń mọ́ lóló. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló máa ń ta ilé-iṣẹ́ yẹn lólobó. Ṣùgbọ́n omi ń kọjá lọ ni, akàn ló ń gbébẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ́ dà sódò, ara akàn á jẹ́rìí sí i. Ìṣáwùrú ni mo ti ń fi ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àmọ́ ìṣáwùrú ti tán pátápátá nínú odò yẹn. Ìyẹn nìkan tó kéèyàn máa fura.

Ooru mú gan-an. Odò ti fà títí òkúta ìsàlẹ̀ ẹ̀ fi ń hàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Àga tí mo bá ní láàbù lónìí kọ́ ni àga mi. Ó jọ ọ́, àmọ́ òun kọ́. Àtìgbà tí mo ti jókòó lé e ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Mo bi Onímáṣíìnì léèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá wa fi ẹ̀rọ ka iye irin tó bá wà nínú nǹkan. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, àga ni o, kì í ṣe ọkọ. Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín?"

Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá mọ́ kì í tètè rẹ́rìn-ín báyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6

Akàn kan dín nínú bàsíà àwọn ti ìsàlẹ̀ odò. Mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Mo jáde, mo bá Bàbá Géètì, ẹ̀ṣọ́ wa, níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń fi igi tayín. Mo kí wọn. Wọ́n dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo wá fẹ̀sọ̀ béèrè ohun tí wọ́n fi jẹun ọ̀sán.

"Ẹ̀wà ni, ìyàwó mi. Ṣé o gbé nǹkan wá fún mi ni?"

Ẹ̀wà kì í há séyín èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Mo ra àgádágodo.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ wá bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá ti ránṣọ tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sétí odò, wọ́n á mú akàn lábẹ́ òkúta, wọ́n á bọ̀ ọ́. Igbá ẹ̀yìn akàn náà nìkan ni wọ́n máa ń tò sínú abọ́ tèmi, pẹ̀lú ọ̀rá pupa rúsúrúsú inú ẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o láyé yìí.

"Tìẹ nìyẹn," ni wọ́n máa ń wí. "Má fún ọkọ ẹ o."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n takété sí i títí èsì á fi jáde. Mo jẹ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, igbá méje mẹ́jọ ló máa ń wà níbẹ̀, tòní ò tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ti ń tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà. Ọkọ mi ní èmi nìkan ni òun mọ̀ tó lè jẹ nǹkan ọ̀fẹ́ tán kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Èsì àkọ́kọ́ jáde. Bàbà tó wà lára akàn ìsàlẹ̀ odò àti èyí tó wà lára akàn odò òkè, ìkan náà ni. Síńkì náà, ìkan náà. Ká ní ó sún mọ́ra ni, ǹ bá gbà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá.

Irọ́ ni. Ìsàlẹ̀ odò yẹn ni wọ́n ń da omi bátìrì sí! Bó bá jẹ́ ìṣáwùrú ni, bí omi ti rí lára ẹ̀ á ti rí: omi tí bàbà bá pọ̀ nínú ẹ̀, bàbà á pọ̀ lára ìṣáwùrú ibẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Onímáṣíìnì bóyá ẹ̀rọ ẹ̀ ń ṣòjòjò. Ó ní, "Ara ẹ̀rọ le, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wá ohun tí kò sọnù." Ó yí padà, ó ń súfèé.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo rí Onímáṣíìnì tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ bátìrì. Mo rí i dáadáa, lójúmọmọ, níwájú géètì wa, orúkọ wọn sì wà lára ọkọ̀ gàdàgbà. Ó wọ bàtà tuntun. Ó juwọ́ sí awakọ̀ náà, òun náà sì juwọ́ padà sí i bí ẹni tó ti mọra tipẹ́.

Ìfura loògùn àgbà. Mo kí i pé bàtà ẹ̀ dáa. Ó ní ẹ̀bùn ni.

Ẹ̀bùn, lọ́wọ́ ta?

Ọjọ́rú, 19

Láti òní lọ, bí mo bá ti po akàn mọ́ ásíìdì tán tí mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo ń fi fọ́nrán irun orí mi kan sáàárín ọmọrí àti ẹnu ìgò kí n tó gbé e sínú fíríìjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i kí ọjọ́ tí a ó kà á tó pé, irun á já bọ́, èmi á sì mọ̀.

Omi dídì tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní iná ìjọba ni. Bóyá.

Ọjọ́bọ̀, 20

Gbogbo irun wà níbi tí mo fi í sí. Ó sì lè jẹ́ pé Onímáṣíìnì ti fi òmíràn dípò ẹ̀. Àmọ́ irun tiẹ̀ kúrú.

Mo ti rí ẹni tó ń jí akàn. Ọ̀kan bọ́ra láàárọ̀ yìí níṣojú mi. Ó fẹ̀yìn jáde nínú èèpo àtijọ́, ara ẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ọmọ tuntun. Kí n tó wá bàsíà mìíràn tí n ó gbé e sí, àwọn èkejì ẹ̀ ti bò ó. Wọn ò ṣẹ́ nǹkan kan kù sílẹ̀, wọ́n jẹ èèpo náà mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé akàn ń bọ́ra, ta ni ò mọ̀? Mi ò kàn rò pé ìwà wọn burú tó báyìí.

Mo ra ọsàn fún Bàbá Géètì. Wọ́n ní kí ni àwọn ṣe tí mo fi ń tọ́jú àwọn báyìí. Mo ní kò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Èsì kejì jáde lánàá. Ìkan náà.

Mo ti dẹ pańpẹ́. Mo lọ kó akàn tuntun lódò òkè, mo sì pín wọn sínú bàsíà méjì nínú balùwẹ̀ ilé mi. Mo wọn iyọ̀ bàbà sínú omi ọ̀kan, ìwọ̀n tí kò ní í pa wọ́n ṣùgbọ́n tó ju ti odò lọ dáadáa. Ìkejì, omi lásán. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́, àní Ọ̀gá láàbù pàápàá. Tó bá tó ìgbà tó yẹ, màá pa wọ́n, màá lọ̀ wọ́n, màá kó wọn mọ́ àwọn ìgò yòókù láìsọ èwo ni èwo. Bí Onímáṣíìnì bá tún kọ iye kan náà sí wọn, ó parí. Èmi ni mo da bàbà sómi náà lọ́wọ́ ara mi. Kò sí irọ́ tó lè bá mi pa níbẹ̀.

Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì léjìká.

"Ṣé èmi àti akàn la ó jọ máa wẹ̀ ni?"

"Fún ìgbà díẹ̀ ni."

"Ṣé èmi náà ò sí lára àwọn tí o ń dẹ pańpẹ́ fún?"

Mo ní kó lọ wẹ̀ nínú yàrá àlejò. Ó ní, "O ò gba Onímáṣíìnì gbọ́ pé akàn odò yẹn dáa, síbẹ̀ ò ń jẹ akàn odò yẹn. Kí la ń pe ìyẹn?" Mo ní bàbà ò tíì pa ẹni tó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Abọ́ Ẹ̀gbọ́n mi kún dáadáa lónìí. Wọ́n rí àwọn ti balùwẹ̀. "Ẹ wá ń sin ín bí adìyẹ báyìí? Èyí ò lọ́ràá o, mo ti ń fojú rí i." Wọ́n jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń wò mí lẹ́nu bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìgbà tí màmá wa kú, àwọn ni wọ́n tọ́ mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tíì gbà pé mo ti dàgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Akàn kan sá kúrò ní bàsíà. Inú bàtà ọkọ mi la ti bá a. A ò bára wa sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo ti pààrọ̀ àga. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí, ó tún ti dé ìbàdí. Kò ṣeé ṣe kí àga méjì jọ ní àìsàn kan náà, àfi tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń tú ìdè wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ yẹ abẹ́ ẹ̀ wò. Ọ̀gá wọlé bá mi nílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10

Òjò àkọ́rọ̀. Kò pẹ́, àmọ́ ilẹ̀ rùn dáadáa. Mo lọ wo odò. Omi tó ń jáde lẹ́nu páìpù ilé-iṣẹ́ bátìrì ń hó funfun lẹ́yìn òjò náà. Ta ló sọ fún wọn pé òjò á rọ̀? Wọ́n ti fi í pamọ́ de òjò ni, kí ó lè gbé e lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ti pa àwọn ti balùwẹ̀, mo ti yan wọ́n gbẹ, mo ti lọ̀ wọ́n. Irun mi wà lẹ́nu gbogbo ìgò. Ọkọ mi ti gba balùwẹ̀ ẹ̀ padà, ó ń kọrin níbẹ̀ láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́!

Ó kọ iye kan náà sí gbogbo wọn. Akàn tó gbé nínú omi bàbà, akàn tó gbé nínú omi lásán, ìkan náà! Mo ka ìwé náà lórí ìdúró. Bírọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Mo rò ó pé kí n kọjú sí i níbẹ̀, mo ní rárá, iwájú Ọ̀gá ni. Lọ́la.

Inú mi dùn débi tí mo fi ra ẹja bọ̀ wálé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò buyì kún mi.

Mo wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá láàárọ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n pe Onímáṣíìnì. Ó dé, ó jókòó, ó na bàtà tuntun náà síwájú. Mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀: èsì tó ń jọra, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ bátìrì, bàtà, àti pańpẹ́ tí mo dẹ nínú balùwẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo da bàbà sí omi yẹn, Ọ̀gá. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò ka nǹkan kan. Ó ń jókòó ni, ó ń kọ ohun tó bá wù ú, ilé-iṣẹ́ bátìrì sì ń sanwó fún un."

Ẹ̀rín tó máa ń rín kò wá. Ojú ẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, ó wá ṣe jẹ́jẹ́.

"Awakọ̀ yẹn ló fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin," ó wí. "Àna mi ni. Ọ̀nà ibí ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Bàtà yìí, òun ló rà á fún mi nígbà tí wọ́n sọmọ wọn lórúkọ. Ẹ dẹ̀ lè pè é, Àǹtí. Nọ́ńbà ẹ̀ nìyí."

Mo ní nọ́ńbà kọ́ ló ń ka bàbà.

Ọ̀gá ní, "Ìwọ náà mọ ẹ̀rọ yẹn lò. Lọ kà á fúnra ẹ."

Mo lọ kà á. Onímáṣíìnì dúró sẹ́yìn, ó káwọ́ sí àyà, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fi omi tí mo mọ iye bàbà inú ẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò, ó kà á bó ti yẹ. Mo wá ka àwọn ìgò mi, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì, láti àárọ̀ títí ọwọ́ ọ̀sán fi rọ̀. Ìkan náà. Ohun tó kọ gan-an ni. Ẹ̀bìtì mi ò peku, èmi ni ó ká mọ́.

Onímáṣíìnì ní, "Ṣé ẹ ti parí? Ẹ jẹ́ kí n fọ ẹ̀rọ mi." Kò pè mí ní Àǹtí.

Mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá, mi ò mọ ibi tí n ó gbójú sí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Àwọ̀ wo ni ẹ̀jẹ̀ akàn?"

"Ó ń ta aró díẹ̀, Ọ̀gá."

"Kí ló mú un ta aró?"

Mo mọ̀ ọ́n, láti ilé ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. "Bàbà ni. Òun ló ń gbé èémí káàkiri ara wọn, bí irin ṣe ń ṣe fún tiwa."

"Ẹ̀dá tí bàbà jẹ́ ẹ̀mí ẹ̀, ṣé á wá fi bàbà sílẹ̀ kó máa wọlé wọ̀de bó ṣe wù ú? Tó bá kéré, á fà á mọ́ra. Tó bá pọ̀ jù, á tì í síta. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe síńkì. Àfi tí omi bá burú débi tó fi borí ẹ̀ lo tó lè rí i lára ẹ̀. Ìṣáwùrú lo fi gbogbo ayé ẹ ṣe. Ìṣáwùrú ń gba gbogbo ohun tó bá rí ni, kì í da nǹkan nù. O wá gbé akàn, o fi ìwà ìṣáwùrú sí i lára."

Mo ti fi ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ dẹ pańpẹ́ fún ẹni tó ń sọ òótọ́, nígbà tó jẹ́ pé akàn ló ń tọ́jú ilé ara ẹ̀. Ojú tì mí. Ó ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn, lọ bẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́rú, 19

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà, mo rí i lójú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Oorun ò kùn mí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ń yí lọ́kàn mi: akàn ń ṣètò bàbà àti síńkì nítorí pé ó nílò wọn. Èyí tí kò nílò ńkọ́? Èyí tí ara ẹ̀ kò fi ṣe nǹkan kan, tí kò ní ìwọ̀n fún, tó sì lè ṣe bíi síńkì kó wọlé, báwo ló ṣe ń tì í síta?

Kì í tì í síta. Ó ń dì í rù ni, ó ń tì í mọ́ ẹ̀dọ̀ kó má bàa pa á, ó sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Kádímíọ̀mù, irin olóró. Ó sì wà nínú bátìrì.

Bàbà àti síńkì nìkan ni Ìgbìmọ̀ kọ pé ká wò. Ta ló bá wọn kọ ìwé yẹn? (Mo ti tún bẹ̀rẹ̀.) Gbogbo akàn ni mo sì ń lọ̀ pọ̀, ẹsẹ̀, igbá, ẹ̀dọ̀. Ó yẹ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo lọ bá Onímáṣíìnì. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní gílóòbù tiẹ̀ tí ẹ̀rọ yẹn fi ń kà á, ti kádímíọ̀mù ò sì sí lọ́dọ̀ wa. Ó ronú díẹ̀.

"Mo mọ ibi tó wà. Láàbù ilé-iṣẹ́ bátìrì. Àna mi mọ ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀, wọ́n lè yá wa."

Mo wò ó. Ó wò mí.

"Ẹ má sọ ọ́, Àǹtí," ó ní. "Mo ti gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́."

Àǹtí. Ó ti pè mí ní Àǹtí.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ wá. Mo ní mo ti yó, pé n ó jẹ ẹ́ tó bá di alẹ́. Wọ́n wò mí tìfura-tìfura, bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún ẹ̀. Bí wọ́n ti lọ, mo gbé e sínú fírísà. Ọkọ mi ò ṣàwàdà kankan.

Ọjọ́ Ajé, 24

Gílóòbù dé, wọ́n fi aṣọ wé e. Mo po omi tí mo mọ iye kádímíọ̀mù inú ẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fún Onímáṣíìnì pé kó kà á. Ó kà á pé pérépéré. Ó ní, "Ìyẹn tí ẹ fi dán mi wò nìyẹn, àbí? Ẹ kó àwọn tòótọ́ wá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ẹran ẹsẹ̀ akàn ìsàlẹ̀ odò: kádímíọ̀mù ibẹ̀ kéré, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti odò òkè.

Ẹ̀dọ̀ wọn: Onímáṣíìnì ní kí n jẹ́ kí òun tún un kà. Ó tún un kà. Ó ní ó ti kọjá ibi tí ẹ̀rọ lè kà á dé, ká bomi là á. A bomi là á, a kà á, a tún bomi là á. Kò súfèé.

Ó kù ìgò kan. Mo ti mú un láti ilé, láti inú abọ́ Ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rá pupa rúsúrúsú inú igbá yẹn, èmi tí mo ń ya akàn láti ọjọ́ yìí mọ ohun tó ń jẹ́. Ẹ̀dọ̀ ni. Òun ló ga jù nínú gbogbo wọn.

Onímáṣíìnì bi mí pé ibo ni mo ti mú èyí. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo gba ọ̀nà etí odò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ wọn ni mo ń rò lójú ọ̀nà, gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń gbé níbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n ti ń bọ akàn. Mo bú ara mi pé mo fura sí gbogbo ayé, mi ò fura sí abọ́.

Mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rá inú igbá akàn yẹn. Mélòó lẹ máa ń jẹ? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ta ni ń jẹ ẹ́? Èmi?"

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ǹ bá ti jẹ ẹ́, kí ni n ó gbé wá fún ẹ? Àtìgbà tí màmá wa ti kú, tí o ń sunkún tí o ò jẹun, òun nìkan lo gbà lẹ́nu. Mi ò tọ́ ọ wò láti ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ ń jẹ. Tí wọ́n bá na ọwọ́ sí igbá, mo máa ń lù wọ́n lọ́wọ́, mo máa ń ní ti Àǹtí yín nìyẹn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àkísà aṣọ. Mo ń sunkún, mo sì ń dúpẹ́, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ tì mí, wọ́n ń bi mí pé ta ló ṣe mí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn tán, wọ́n fà mí mọ́ra. Ọwọ́ wọn wà ní ẹ̀yìn mi, ibi tó ń dùn mí gan-an.

"Èmi ni mo ń fún ẹ," ni wọ́n wá wí. "Ọwọ́ mi yìí."

Mo ní rárá. Mo ní páìpù ilé-iṣẹ́ bátìrì ló fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ìgbìmọ̀ jókòó lánàá. Ọ̀gá ló sọ̀rọ̀. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ bátìrì dìde, ó ní bàbà àti síńkì ara akàn ò ju bó ti yẹ lọ, pé èsì àwa fúnra wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní òótọ́ ni, akàn mọ ilé ara ẹ̀ tọ́jú, wọ́n wá ní kí ó jókòó kí ó gbọ́ ohun tí akàn kò mọ bó ṣe lè tọ́jú. Wọ́n ti odò náà pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ̀ omi á máa wá fún àwọn ará etí odò títí wọ́n á fi gbẹ́ kànga. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò fẹ́ràn bí awakọ̀ rẹ̀ ṣe ń wojú èèyàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Dókítà ní kíndìnrín àti egungun ni kádímíọ̀mù máa ń bà jẹ́, pé ẹ̀yìn tó ń dùn mí lè wá láti ibẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ìtọ̀ mi wá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n wo bí kíndìnrín ṣe ń ṣe. Kádímíọ̀mù inú ẹ̀, àwọn ò ní ẹ̀rọ tó lè kà á. Wọ́n béèrè bóyá mo mọ ibi tó wà.

Gílóòbù ṣì wà lọ́dọ̀ wa títí di ọ̀la. Mo gbé ìgò wọ yàrá Onímáṣíìnì. Ó gbójú sókè, ó wo ìgò, ó wò mí, ó sì rọra dìde. Mo ní kó jókòó.

"Ẹ kò fi nǹkan dán mi wò nínú ẹ̀?" ó béèrè, àmọ́ ohùn ẹ̀ rọ̀.

"Rárá o."

"Bó bá ga ńkọ́, Àǹtí?"

"Ohun tó o bá rí ni kó o kọ."

Ó ní kí n dúró ká jọ kà á, kí n fojú ara mi rí i. Mo ní mo ní àwọn bàsíà tí n ó fọ̀. Mo dé ọmọrí ìgò náà dáadáa, mo fún un lọ́wọ́, mo sì jáde. Mi ò fi irun kankan sí i.